Bàbá Mi Dàgbà ní Ìlú Tí Wọn Kì Í Náwó

Bàbá mi ti lé ní ọmọ ogún ọdún kó tó fọwọ́ kan owó tó lè pè ní tirẹ̀. Kì í ṣe pé ìyà ń jẹ ẹ́. Ó ń jẹun yó, ó ní bàtà lẹ́sẹ̀, iná mànàmáná sì ń tàn níbi tó ń sùn lásìkò tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà elépo. Ó mọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tú palẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n tò padà. Owó nìkan ni kò mọ̀.

Ayétòrò ni wọ́n bí i sí, ní etí òkun Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ìlú yẹn láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ òkun tó ń jẹ ìlú ló gbọ́. Màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú òkun, ohun tí Ayétòrò fi lókìkí ni pé àwọn èèyàn kan jókòó síbẹ̀, wọ́n ní àwọn máa dá ayé pípé sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, wọ́n sì ṣe é dé ibi tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Èpé ló fà á tí mo fi ń kọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi là ń tún ṣe, Yamaha ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí NEPA bá ti mú iná lọ, tí a ò lè lu ihò kankan, àríyànjiyàn ló kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí owó epo, wọ́n bọ́ sórí ìjọba, wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan pé kò tíì sí ibì kankan rí láyé níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹun yó bákan náà, tí ẹnì kan ò sì lówó ju ẹnì kejì lọ. “Ọ̀gá, àfi lọ́run,” ni ọ̀kan wí. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ará ọ̀run o, ará Ìlàjẹ ni. Wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà.

Ní 1947 ni. Àwọn apẹja kan wà nínú àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Wọ́n ní àwọn ò ní bá ìlú bọ òrìṣà mọ́, wọ́n ní kí wọ́n yé pa ìbejì, ojú wọn sì rí màbo lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n forí lé ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn dù: ẹrẹ̀ lápá kan, òkun lápá kejì. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́lé pákó sórí rẹ̀, wọ́n fi pákó ṣe títì láti ilé dé ilé. Zacheus Okenla ni wọ́n fi jọba, Ògèlóyìnbó lorúkọ oyè rẹ̀. Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ẹ mọ ẹsẹ Bíbélì tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì, níbi tó ti ní gbogbo àwọn tó gbàgbọ́ wà níbì kan náà, wọ́n sì jọ ni ohun gbogbo pọ̀. Ìjọ wo ni kì í kà á? Wọ́n á kà á, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á gbé igbá ọrẹ kiri, oníkálukú á wọ mọ́tò rẹ̀ lọ sílé. Àwọn ará Ayétòrò ní bó ṣe wà lákọsílẹ̀ yẹn náà làwọn máa ṣe é. Kò pẹ́ tí wọ́n tẹ̀dó tí wọ́n fi kó àwọ̀n pọ̀, wọ́n kó ọkọ̀ pọ̀, wọ́n kó owó pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹja tí o bá pa kì í ṣe tìrẹ mọ́. Ìlú ló ni ín, ìlú ló máa tà á, àpò ìlú ni owó rẹ̀ ń lọ. Ìwọ náà, ìlú ló máa bọ́ ẹ, ìlú ló máa dáṣọ fún ẹ, ìlú ló máa fún ẹ nílé.

Ẹja ló mú owó wọlé lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ owó náà tán. Nítorí pé kò sí ẹni tó ń kó tirẹ̀ lọ fẹ́yàwó kẹta tàbí lọ fi ṣòkú bàbá rẹ̀ lọ́nà rẹpẹtẹ, owó náà ń ga sí i, wọ́n sì ń fi ra ẹ̀rọ. Wọ́n dá ilé ìhunṣọ sílẹ̀, wọ́n dá ti bàtà sílẹ̀, wọ́n ní ilé búrẹ́dì, wọ́n ní ilé alágbàfọ̀, wọ́n ní àwọn télọ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tó ń kó èrò dé Èkó. Nígbà tó máa di 1953, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn. Ẹ rántí pé abúlé orí omi là ń sọ, ibi tí kò sí títì mọ́tò kankan tó débẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi bàbá mi sí. Òun kọ́ ló yàn án. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá gbó, ó máa lọ bá àwọn télọ̀, wọ́n máa wọ̀n ọ́n, wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó di kó padà wá gbà á. Kò ní dúnàádúrà, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Bàtà náà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà tá a wà ní kékeré, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń jà pẹ̀lú oníbàtà ní ọjà Oyíngbo lórí náírà díẹ̀, pé òun dàgbà láìmọ̀ pé bàtà máa ń níye.

Kò sí olè. Èyí ló máa ń tẹnu mọ́ jù. Kí lo fẹ́ jí? Ẹni tó bá jí ṣẹ́ẹ̀tì, ta ló fẹ́ tà á fún?

Tí n bá dákẹ́ síbí, ẹ máa sọ pé kí la tún ń wá. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìyá bàbá mi.

Ní àsìkò kan, àwọn àgbà Ayétòrò rí i pé ohun tó kù tí èèyàn ṣì ń pè ní “tèmi” ni ọkọ, ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n ní ìyẹn náà gbọ́dọ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin ń gbé lápá tiwọn, àwọn obìnrin lápá tiwọn, àfárá pákó láàárín. Fún ọdún mélòó kan, wọ́n fòpin sí ìgbéyàwó fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ kò sì gbọdọ̀ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí wọn, torí ìyá tó ń tọ́ ọmọ rẹ̀ máa fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọ ẹlòmíì lọ, ibẹ̀ ni ìmọtara-ẹni-nìkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú bàbá mi, wọ́n fún obìnrin mìíràn tọ́. Obìnrin náà tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ká má parọ́ mọ́ ọn. Títí bàbá mi fi kú, ìyá méjì ló ń dárúkọ nínú àdúrà.

Ìyá àgbà ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ó sọ èyí fún mi fúnra rẹ̀, ní Ìgbókòdá, nígbà tí ó ti dàgbà tí eyín rẹ̀ ti ń dínkù, pupuru wà níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gé e díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun a máa yọ ẹja kan nínú èyí tí àwọn ń yan, kékeré ni, òun á fi ewé wé e, òun á ki í bọ abẹ́ ìró. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ bá ń ti ibi àdúrà bọ̀, òun á rìn kọjá lórí àfárá, òun á sì jẹ́ kó bọ́ sí ọwọ́ ọmọ òun láìwo ojú rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ebi ń pa ọmọ náà ni. Ó ní ebi kẹ̀? Ọmọ náà ń jẹun ju tèmi lọ. Mo ní kí ló wá dé? Ó ní, “Kó lè mọ̀ pé èmi ni.”

Ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni ohun tó ń ṣe yẹn ní Ayétòrò. Òfin ni pé kí èèyàn jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́ rí. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ẹni tó jí nǹkan mú tí wọn ò rí i mú. Mo wá rántí pé inú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yẹn náà, kò ju orí mẹ́ta lọ síwájú, ni Anáníà àti Sàfírà wà, tí wọ́n yọ díẹ̀ pa mọ́ nínú owó ilẹ̀ tí wọ́n tà, tí wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ kú. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn orí kejì kì í sábà wàásù orí karùn-ún.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tó jinlẹ̀ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: wọ́n gbà pé ẹni tó bá mọ́ láìlábàwọ́n kò ní kú. Kì í ṣe pé yóò lọ sọ́run o, pé kò ní kú rárá. Nígbà tí ẹnì kan bá kú, ẹ̀ṣẹ̀ kan ló wà níbì kan tí a ò tíì rí. Ẹ wá wò ó bó ṣe máa rí lára wọn nígbà tí Okenla fúnra rẹ̀ wá kú. Bàbá mi kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní òun rántí pé àwọn àgbà ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn ọmọ.

Ọkùnrin ará Kánádà kan, Stanley Barrett, tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, lọ gbé láàárín wọn, ó sì kọ̀wé nípa wọn; èyí tó jáde ní 1977 sọ ìtàn bí ìlú náà ṣe gòkè àti bó ṣe já. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó mú abúlé kejì mọ́ ọn. Ó fi orúkọ Ayétòrò pa mọ́, ó pè é ní Olówó. Ó pe abúlé kejì ní Tálákà. Ẹrẹ̀ kan náà, ẹja kan náà, ìgbàgbọ́ Aládùúrà kan náà, Ìlàjẹ ni gbogbo wọn. Àwọn ará Tálákà kò dá owó pọ̀. Wọ́n sì wà níbi tí wọ́n wà. Nítorí náà ẹni tó bá ní ẹ̀sìn tàbí aápọn nìkan ló sọ Ayétòrò di ọlọ́rọ̀, kó wá ṣàlàyé abúlé kejì fún mi. Dídáwó pọ̀ ló ṣe é. Èmi ò rí ọ̀nà àbáyọ kankan nínú ẹ̀rí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jẹ́ oníṣòwò tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ka owó mi.

Àmọ́ ní 1968, wọ́n jáwọ́. Ọba mìíràn ti wà lórí oyè, wọ́n sì ní kí oníkálukú máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Wọ́n ti dá ìgbéyàwó padà tipẹ́ ṣáájú. Láti ìgbà náà, àwọn ẹ̀rọ tó ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn wá di ohun tí kò sẹ́ni tó ń fi òróró sí. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n dákẹ́.

Kí ló fà á? Àbúrò bàbá mi kan wà, Dádì Ìgbókòdá là ń pè é, tó ní ojúkòkòrò ni. Ó ní owó ló wọ àwọn ọ̀dọ́ lójú. Ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àti pé àwọn àgbà Ayétòrò kò kọ́ ọmọ wọn dáadáa. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àwọn ọmọ wo ni wọ́n tún kọ́ tó tiwọn? Àárọ̀ àdúrà, alẹ́ àdúrà, iṣẹ́ ọwọ́, ìwé. Bàbá mi ò mutí títí ó fi kú. Kì í bú èèyàn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ yanjú ni ó kúrò nílé yẹn, kì í ṣe ọmọ tí wọn ò kọ́.

Èrò tèmi nìyí, ẹni tó bá ní òmíràn kó kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bàbá bàbá mi yan Ayétòrò. Wọ́n lù ú nítorí rẹ̀. Ó fi ilé sílẹ̀, ó fi àwọ̀n rẹ̀ sínú àjọni, ó mọ ohun tó fi sílẹ̀ àti ìdí tó fi fi í sílẹ̀. Lójoojúmọ́ tó bá ń jẹ oúnjẹ àjọni, ó ń jẹ ìpinnu ara rẹ̀. Bàbá mi ò yan nǹkan kan. Inú rẹ̀ ni ó lajú sí. Ohun tó jẹ́ òmìnira fún bàbá, ìwà ilé lásán ni fún ọmọ, bí ìgbà tí wọ́n ní kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀, tó béèrè pé kí èèyàn fún wọn ní gbogbo ohun tó ní, ẹni tó ti ní in rí ló lè fún wọn. Kí ni bàbá mi ní tó máa fi sílẹ̀?

Mi ò rò pé ti àwọn Ìlàjẹ nìkan nìyẹn. Àwọn ará Oneida ní ìpínlẹ̀ New York dá ìlú àjọni tiwọn sílẹ̀ ní 1848, àwọn náà fòpin sí ìgbéyàwó ọlọ́kan-sí-ọ̀kan, àwọn náà ń tọ́ ọmọ pọ̀. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n fẹ́ ọkọ tiwọn àti aya tiwọn, ní 1881 gbogbo rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ onípìn-ín tó wá lókìkí fún ṣíbí àti fọ́ọ̀kì. Ní Ísírẹ́lì, Degania, tó jẹ́ kibbutz (abúlé àjọni) àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1910 lẹ́bàá adágún Gálílì. Ní 2007 wọ́n ní kí oníkálukú máa gba owó oṣù tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ kibbutz mìíràn, ilé wà tí àwọn ọmọ máa ń sùn sí láìsí òbí, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Mo mọ̀ pé ìyá kan á ti wà níbẹ̀ náà tó ń fi nǹkan pa mọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ọkùnrin tí gbogbo àgbáyé máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ ayé pípé yìí, Thomas More, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó kọ ìwé tirẹ̀ ní 1516. Ó ya erékùṣù kan tí kò sí níbì kankan: kò sí owó, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, wọ́n ń fi wúrà ṣe póò ìtọ̀. Póò ìtọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Ṣùgbọ́n ní ìlú rẹ̀ yẹn, èèyàn kò gbọdọ̀ rìnrìn-àjò láìgba ìwé àṣẹ. Tí wọ́n bá mú ẹ lẹ́ẹ̀kejì, o di ẹrú. Ẹrú tún wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ló ń pa ẹran. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo gbé e sílẹ̀. Ìlú tó dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló wá ń bẹ̀rù nínú kí èèyàn wọ ọkọ̀ kó lọ wo ibòmíràn?

Bàbá mi wọ ọkọ̀ lọ wo ibòmíràn. Lẹ́yìn 1968 ni, ó tẹ̀lé ọkọ̀ èrò lọ sí Èkó. Iṣẹ́ kò ṣòro fún un láti rí, torí wọ́n ti mọ̀ nígbà náà ní etí omi Èkó pé ọmọ Ayétòrò mọ ẹ́ńjìnnì. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un, ó kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀gá ibi tó ń gbé lọ́wọ́. Kì í ṣe owó ilé o. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ọ̀gá náà, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, jókòó tì í, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka owó ilé sọ́tọ̀, owó oúnjẹ sọ́tọ̀, kí èèyàn sì fi díẹ̀ pa mọ́ fún ọjọ́ òjò. Ohun tí bàbá mi ò mọ̀ọ́n ṣe títí dọjọ́ ikú ni kó sọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta, tí oníbàárà bá bi í pé èló ni, á máa wo ilẹ̀. Màmá mi ló ń jáde sọ ọ́. Wọ́n ti jẹ ẹ́ lówó ká gbogbo etíkun Èkó. Àwa ọmọ jẹ lára ìyà yẹn, mi ò ní fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n kò sígbà tí ọmọ ẹnikẹ́ni wá sílé wa tí kò bá oúnjẹ, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kó tó kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ òkun wá kù. Láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé ni òkun ti ń wọlé sí Ayétòrò. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Ìgbókòdá, ó lè tó wákàtí kan, tí ẹ bá débẹ̀ ẹ máa rí òpó ilé tó dúró nínú omi láìsí ilé lórí rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ tí bàbá mi ti kọ́ṣẹ́, inú òkun ló wà báyìí. Àwọn ará ìlú ti tú ilé pákó wọn, wọ́n tún un kọ́ sẹ́yìn, òkun tún bá wọn níbẹ̀, wọ́n tún tú u. Wọ́n gbé iṣẹ́ dídí etíkun náà jáde fún kọ́ńtírátọ̀ ní 2004, wọ́n tún gbé e fún òmíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òkun ò rí ìdènà kankan. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ mi máa ń ru.

Àwọn àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé ìbínú Ọlọ́run ni, pé láti ìgbà tí wọ́n ti pa àjọni tì ni òkun ti ń wá wọn bọ̀. Mo jókòó gbọ́ ọ, mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n òkun ń jẹ àwọn abúlé Ìlàjẹ mìíràn tí wọn ò ṣe àjọni rí láyé wọn. Etíkun Mahin tí gbogbo wọn wà yẹn, ẹrẹ̀ ni, kò ní iyanrìn tó lè dá ìgbì dúró. Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ti la ipa omi sí ara ilẹ̀ náà. Òkun gbogbo àgbáyé sì ń ga sí i. Àdúrà Okenla tó dára jù lọ kò lè dá ìyẹn dúró. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ibi tí ọgbọ́n àwọn àgbà wa pin sí. Wọ́n rò pé tí ìlú bá ti mọ́ nínú, tí ó ti ń bọ́ ara rẹ̀, kò nílò ẹnikẹ́ni níta. Fún ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìlú tó ní iná tirẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìjọba ṣe? Ó ṣe tán, òkun dé, ó wá di ìlú kékeré létí ìpínlẹ̀, tí kò ní ẹni tó máa bá a pariwo ní Àbújá.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi báyìí, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí ní ìbéèrè tó dáa: ọ̀gá, tí wọ́n bá ní kí ẹ padà lọ gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ máa lọ? Mo ní màá lọ tí wọ́n bá jẹ́ kí n gbé ọmọ mi dání, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ ní èbúté fún ẹni tó bá fẹ́ kúrò. Ó ní ìyẹn kì í ṣe Ayétòrò mọ́ nìyẹn. Mo ní ó ṣeé ṣe.

Àwọn tó ń ka ibí yìí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ayétòrò, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ìtàn àwọn tó dúró ni gbogbo wa mọ̀, torí àwọn ni wọ́n wà nílé láti sọ ọ́. Mo ń wá àwọn tó kúrò kí 1968 tó dé, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń lọ déédéé, tí oúnjẹ wà, tí iná wà, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ. Ó dá mi lójú pé wọ́n wà. Tí bàbá yín tàbí ìyá yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ṣì wà láyé, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi lọ, kẹ́ ẹ sì kọ èsì wọn síbí. Tí ó bá jẹ́ pé nítorí obìnrin kan tàbí ọkùnrin kan ni, ẹ kọ ìyẹn náà.